Wèrèpè àti Ọmọ Àwẹ̀ró

Nígbà láéláé, nígbà tí igbó àti ilé ṣì ń kí ara wọn kú àárọ̀, kò sí ohun tó rọ̀ tó Wèrèpè. Irun ara rẹ̀ fẹ́lẹ́ bí òwú. Bí obìnrin bá bímọ, òun ni wọ́n ń bẹ̀ kó wá bá wọn gbé e, nítorí ọmọ kì í sunkún lọ́wọ́ rẹ̀.

Àmọ́ Wèrèpè kò bímọ rí. Ohun kan ṣoṣo ló ń wù ú: kó sọ ọmọ kan lórúkọ. Àṣà ìgbà náà sì ni pé ẹni tó bá báni tọ́jú ọmọ yóò fún un lórúkọ lọ́jọ́ kẹjọ.

Nígbà tí Àwẹ̀ró bí ọmọbìnrin, àìsàn dá a dùbúlẹ̀. Odindi ọjọ́ méje ni Wèrèpè fi gbé ọmọ náà, kò fojú ba oorun. Àwẹ̀ró fẹnu ara rẹ̀ sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá orúkọ tiyín sílẹ̀."

Wèrèpè wá a. Àbíkẹ́ ni. Ó ń pè é sí ọmọ létí jẹ́jẹ́.

Ọjọ́ kẹjọ pé, ilé kún. Bó ṣe kan Wèrèpè, àwọn ìyàwó ilé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ẹnu wọn, ẹ kúkú mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní kí àgàn má lọ kó àìríbí ran ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ̀rù ba Àwẹ̀ró, ó gba ọmọ rẹ̀.

"Ẹ̀yin ò bí rí," ó wí. "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ ọmọ mi lórúkọ."

Ọ̀rọ̀ náà dun Wèrèpè wọra. Ó sunkún títí omijé gbígbóná fi rin gbogbo irun ara rẹ̀, irun náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta bí ata. Ó mọ̀ pé ó ń ta. Síbẹ̀, ó na ọwọ́, ó fi pa ọmọ náà lẹ́rẹ̀kẹ́, ó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Kó tó dé ẹnu ọ̀nà, ara ọmọ ti sú láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ojú rẹ̀ ti wú.

Láti ọjọ́ náà ni Wèrèpè ti ń dá gbé inú igbó, tí ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ fara kàn án. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ń gbé irun rẹ̀ wọlé. Ìdí nìyẹn tí ara ọmọ-ọwọ́ fi máa ń ṣàdédé sú, tí ìyá rẹ̀ á máa bú ọṣẹ, á máa bú oúnjẹ àná. Àgbà ló sọ̀rọ̀ burúkú. Ọmọ tí kò tíì lè sọ̀rọ̀ ló ń họra.