Ìbínú Fátókun Mọ Ọlọ́pàá

Òótọ́ pọ́ńbélé ni ìtàn yìí. Mo fi irin búra, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irin ọ̀hún ti dípẹtà díẹ̀.

Fátókun lu Ṣíjúadé, ìyàwó rẹ̀, títí eyín fi yọ. Ilé-ẹjọ́ ní kó lọ kọ́ bí a ṣe ń kápá ìbínú kó tó padà sílé. Nígbà tí ẹ̀kọ́ parí, wọ́n pe Ṣíjúadé kó wá mú ọkọ rẹ̀. Tíṣà gbá Fátókun létí níwájú ọlọ́pàá tí ilé-ẹjọ́ rán wá, láti fi dán an wò. Fátókun rẹ́rìn-ín.

Tíṣà kọjú sí Ṣíjúadé: "Ṣé ẹ rí i, màmá? Wọ́n ní ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Tirẹ̀ ti gbọ́n báyìí."

Ṣíjúadé pariwo. "Tirẹ̀ ti gbọ́n tipẹ́, tíṣà! Lánlọ́ọ̀dù gbá a létí, ó dọ̀bálẹ̀. Èmi gbàgbé iyọ̀ nínú ọbẹ̀, eyín mi lọ!"

Ó gbé ife omi tíṣà, ó dà á sí Fátókun lójú. Ọwọ́ Fátókun lọ sókè fìrì. Ó wo ọlọ́pàá, ọwọ́ náà sọ̀ kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́.

"Ẹ ò rí nǹkan! Ṣé ọlọ́pàá á máa bá wa sùn nílé ni?"

Ojú ti tíṣà, ó dá Fátókun padà sí kíláàsì.

Ibẹ̀ yẹn nìkan ni mo ti purọ́. Ojú kankan ò ti tíṣà. Ó ní kí Fátókun máa lọ sílé, kí Ṣíjúadé wá jókòó sí kíláàsì, torí ìyàwó ló da omi.