Táì Olórí Ìlú

Ní ìlú kékeré kan ní Jámánì, Ọjọ́bọ̀ kan wà lọ́dún tí àwọn obìnrin máa ń fi àlùmọ́gàjí gé táì ọkùnrin, ẹnikẹ́ni kì í bínú. Mọrèniké, àlejò tó ń gbálẹ̀ lọ́fíìsì olórí ìlú, gbọ́ àṣà náà, inú rẹ̀ dùn. Àmọ́ ó ṣi ọjọ́ mú: ọjọ́ Ẹtì ló gé táì olórí ìlú!

“Kó ẹrù rẹ, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ!” ni ọ̀gá àwọn agbálẹ̀ fi pariwo.

Olórí ìlú rẹ́rìn-ín. Lọ́yà ni tẹ́lẹ̀. “Èmi tó ni táì kò pẹjọ́. Ẹjọ́ wo lẹ wá ń dá?”

Mọrèniké kúnlẹ̀. “Ẹ ṣé, bàbá! Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.”

Ó fi aṣọ òfì rán táì mìíràn fún un. Nígbà tí ọdún yípo, lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ gan-an, òun náà ló kọ́kọ́ gé e.