Ológbò Tó Gba Abẹ́rẹ́ Lẹ́ẹ̀mejì

Ọkùnrin kan wà tí àtọ̀gbẹ mú ológbò rẹ̀. Má rẹ́rìn-ín, àìsàn tó ń ṣe ènìyàn ń ṣe ẹranko náà. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti kúrò nílé, ó ku òun, ìyàwó rẹ̀ àti ológbò yìí. Ológbò náà ń mu omi ṣáá, ó ń jẹun dáadáa, síbẹ̀ ó ń rù. Dókítà ẹranko ní ṣúgà ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó kọ́ tọkọtaya náà bí wọn yóò ṣe máa fún un ní abẹ́rẹ́ ínsúlínì, oògùn tó ń fa ṣúgà wálẹ̀, nílé, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, lẹ́yìn tó bá ti jẹun.

Ó kìlọ̀ fún wọn pé, "Bí kò bá dá yín lójú bóyá ó ti gbà á, ẹ fi sílẹ̀. Bó bá fo ẹ̀ẹ̀kan, a lè tún un ṣe. Bó bá gba méjì pọ̀, ó lè kú."

Iṣẹ́ náà mọ́ wọn lára. Ìyàwó a di awọ ọrùn rẹ̀ mú, ọkọ a gún un, kí ológbò tó mọ̀, ó ti parí. Láàárín oṣù méjì, irun rẹ̀ ti ń dán.

Ìgbà náà ni ọkùnrin yìí gé igi òroǹbó tí ìyàwó rẹ̀ gbìn sí ẹ̀yìnkùlé, kò sì bi í. Ìyàwó bínú. Ọkọ náà bínú pé ó ń bínú, ni wọ́n bá ń yan odì. Ahọ́n àti eyín ń jà, n kò bá wọn wí fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n odindi ọjọ́ mẹ́sàn-án! Ẹni tó bá kọ́kọ́ jí ló ń dá fún ológbò lábẹ́rẹ́, a sì ju abẹ́rẹ́ tó lò sínú agolo kan tí ìyàwó ń dà nù lálaalẹ́. Ẹnìkejì a yọjú wo agolo kó lè mọ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹwàá, ọkọ wo inú agolo, ó ṣófo. Ó ń gbọ́ ìró ọ̀bẹ tí ìyàwó rẹ̀ fi ń gé ilá ní ilé ìdáná, ìṣísẹ̀ márùn-ún péré sí i. Ìbéèrè náà wà lórí ahọ́n rẹ̀. Àmọ́ ó rò pé bí òun bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, yóò dà bíi pé òun ló jẹ̀bi. Ó gbé ìbéèrè mì, ó sì gún ológbò náà. Kò mọ̀ pé ìyàwó ti gún un ṣáájú, tó sì kó ohun tó wà nínú agolo dànù lẹ́yìn náà, nítorí ó gbàgbé láti dà á nù lálẹ́ àná.

Kí oòrùn tó mú, ológbò ń rìn bí ọ̀mùtí. Ó ṣubú sẹ́nu ọ̀nà, ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Ọkùnrin náà sáré wọ ilé ìdáná.

"Ìyá Abíọ́nà, ṣé o ti fún un lábẹ́rẹ́ láàárọ̀?"

"Mo ti fún un. Ẹ má sọ fún mi pé ẹ̀yin náà fún un."

"Mo fún un."

Ìyàwó sáré gbé oyin, ó ń fi ìka pa á mọ́ erìgì ológbò náà, ọkọ gbé orí rẹ̀ dání. Nínú ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ni ọkùnrin náà ti sọ pé, "Igi yẹn, ó yẹ kí n bi ọ́. Má bínú." Ìyàwó ní ó yẹ kí òun náà ti sọ̀rọ̀.

Nígbà tó di ọ̀sán, ológbò gbé orí sókè, ó ń ké fún oúnjẹ. Dókítà wo àwọn méjèèjì. Ó ní, "Mo ti rí ẹran tó kú nítorí kò ní olùtọ́jú. Olùtọ́jú méjì ló fẹ́ pa tiyín."

Láti ọjọ́ náà, ọkùnrin yìí ń bi ìyàwó rẹ̀ láràárọ̀ bóyá ó ti fún un, àní nígbà tó bá fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ìyàwó a sì dá a lóhùn. Ológbò náà ti ń sanra.

Ọmọ mi, ìwọ ni mo ń bá wí. Ó di oṣù mẹ́ta tí ìwọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ kò bá ara yín sọ̀rọ̀, ìyá kan náà lẹ sì ń tọ́jú. O ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún un, ẹ̀gbọ́n rẹ náà rà, ìyá sì ń lo méjèèjì kó má bàa ṣẹ ẹnikẹ́ni nínú yín. Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn rẹ̀. Ìfẹ́ kọ́ ló wọ́n yín. Àwọn àgbà ní ẹni tó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, wọn kò ní kó o dúró de ẹni tí yóò kọ́kọ́ béèrè. Ìyá yín ṣì wà láàyè. Dìde, lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ, kó o bi í pé kí ni Màmá ti lò láàárọ̀ yìí.