Adìẹ Nínú Ẹgbẹ́ Òbí

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ súnmọ́ mi dáadáa. Ààlọ́ mi kò kan ọba, kò kan olówó. Adìẹ ló kàn, òun àti òròmọ rẹ̀ mẹ́fà.

Ní ayé àtijọ́, àwọn ẹranko kọ́ ilé-ìwé. Wọ́n fi Ìnàkí ṣe ọ̀gá ibẹ̀. Wọ́n wá yan òbí mẹ́rin tí yóò máa gbà á nímọ̀ràn: Erin, Ẹfọ̀n, Àgbò àti Adìẹ. Inú Adìẹ dùn ju ti gbogbo wọn lọ. Ta ní ń pe adìẹ sí ìpàdé tẹ́lẹ̀?

Ní ọjọ́ kan, Adìẹ ń tan ilẹ̀ nídìí òpó ilé-ìwé. Ó tan, ó tan, ó tan, ló bá kan ikán. Ikán ti jẹ òpó náà dé inú. Ó sáré tọ Ìnàkí lọ.

"Ọ̀gá, ẹ dákun, òpó yìí máa wó lé àwọn ọmọ lórí."

"Ìyá Òròmọ, ẹgbẹ́ òbí ló ń gbà mí nímọ̀ràn. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síbẹ̀."

Ó gbé e lọ. Ṣùgbọ́n òfin ẹgbẹ́ ni pé àgbà ní í kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Erin dìde, ó kí Ẹfọ̀n, ó kí Àgbò, ó kí ara rẹ̀. Ẹfọ̀n dìde, ó ní ohun tí Erin sọ dára. Àgbò dìde, ó ní ohun tí Ẹfọ̀n sọ nípa ohun tí Erin sọ dára. Kí ó tó kan Adìẹ, ilẹ̀ ti ń ṣú. Ẹ sì mọ̀ pé bí ilẹ̀ bá ti ṣú, adìẹ kì í ríran mọ́. Ó wọ́ lọ sílé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìpàdé kejì rí.

Ẹ ó ní kí ló dé tí kò mú àwọn ọmọ rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ìtìjú ni. Wọ́n á ní ẹni tó wà nínú ẹgbẹ́ ló tún ń sá fún ilé-ìwé.

Ní ìpàdé kẹta, kò dúró de ẹnikẹ́ni. Bí Erin ṣe ń kí ara rẹ̀ lọ́wọ́, Adìẹ figbe orin ta. Ẹ bá mi gbè é:

Ẹ̀yin àgbà, ẹ wo òpó o,
*Àgbà ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́.*
Ikán ti jẹ ẹ́ dénú o,
*Àgbà ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́.*
Ọmọ wa ń bẹ lábẹ́ rẹ̀ o,
*Àgbà ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́.*

Erin jágbe mọ́ ọn. "Ṣé ìwọ ni yóò kọ́ wa bí a ṣe ń ṣèpàdé? Jókòó, yóò kàn ọ́."

Ó jókòó. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn, ó jókòó.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, òjò dé, afẹ́fẹ́ jà. Òpó kán, ilé sì wó. Ọmọ Erin forí ti ògiri, ó bọ́ síta. Ọmọ Ẹfọ̀n sá jáde. Ọmọ Àgbò fò jáde. Òròmọ mẹ́fà kéré, wọn kò jáde. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà lọ́jà o. Wọ́n pé.

Lẹ́yìn náà, ẹgbẹ́ tún pàdé. Erin rọra sọ̀rọ̀. "Adìẹ, lónìí, ìwọ ni kí o kọ́kọ́ sọ̀rọ̀."

Adìẹ dìde. "Ọmọ ta ni ẹ fẹ́ kí n gbà yín nímọ̀ràn lé lórí?"

Ó fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún wọn.

Láti ìgbà náà, bí adìẹ bá pamọ, ẹ má ṣe súnmọ́ ọmọ rẹ̀. Bí ọba, bí àgbà, bí ajá, yóò fò mọ́ ọn lójú. Kì í kí ẹnikẹ́ni kó tó fò.

Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni pé ẹgbẹ́ tí a dá sílẹ̀ nítorí ọmọ, ẹni tó rí ewu ni kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ níbẹ̀, bó ti wù kó kéré tó.

Ibí ni mo sọ ààlọ́ mi kalẹ̀ sí, tìbínú-tìbínú.