Ọmọ Bíríkìlà Tí Ìwé Ń Bà Lẹ́rù

Ọkùnrin bíríkìlà kan wà tí kò rí ẹni rán an lọ sí ilé-ìwé nígbà èwe rẹ̀. Ó ti di géńdé, ó ti fẹ́yàwó, kí ó tó lọ forúkọ sílẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àgbà tí wọ́n ń ṣe nírọ̀lẹ́ nínú gbọ̀ngàn ìjọ wọn. Bí ó bá ti ibi iṣẹ́ dé, sìmẹ́ǹtì a ṣì wà lára ṣòkòtò rẹ̀, yóò jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú àwọn ìyá arúgbó, wọn yóò jọ máa pe a, b, d. Ó tẹra mọ́ ọn títí ó fi mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ó yá, ìjọ fi í ṣe ẹni tí ń ka Bíbélì lọ́jọ́ Ìsinmi. Bí ó bá la ẹnu, ohùn rẹ̀ a dé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sí ohun tí ó fi ń yangàn láyé tó ìwé kíkà yìí.

Ó bí ọmọbìnrin kan, Àrìnpé. Ọmọ náà já fáfá. Orin tí ó bá gbọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ti mọ̀ ọ́n nìyẹn. Ọwọ́ rẹ̀ mọ irun dì débi pé àwọn obìnrin àdúgbò a máa dúró dè é kí ó ti ilé-ìwé dé. Ṣùgbọ́n bí ó bá kan ti ìwé kíkà, ọ̀rọ̀ a dojú rú. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ka ìtàn gígùn, òun ṣì ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bí ẹni tí ń rìn nínú ẹrọ̀fọ̀. Yóò pe b ní d, yóò fo ìlà kan, yóò padà, yóò há.

Bàbá rẹ̀ rò pé ọ̀lẹ ni. Ẹni tí ó fi agídí kọ́ ìwé lágbà gbà pé agídí nìkan ni ìwé ń fẹ́. Lójoojúmọ́ ni yóò pe ọmọ náà nírọ̀lẹ́, tí yóò ṣí ìwé síwájú rẹ̀.

"Kà á."

Àrìnpé yóò bẹ̀rẹ̀. Kò ní pẹ́ tí yóò fi dúró.

"Ọ̀rọ̀ tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ kà lókè kọ́ nìyẹn? Èmi tí mo ti ń po sìmẹ́ǹtì kí n tó mọ a, mo mọ̀ ọ́n kà. Ìwọ tí ò ń jẹun yó lọ sí ilé-ìwé, kí ló ń ṣe ọ́?"

Nígbà tí ó ṣe, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ọmọ náà láràárọ̀, ó sì ń bì. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ọjọ́ Sátidé, ara rẹ̀ a le. Ìyá rẹ̀ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọn kò rí nǹkan kan.

Ìyá ní, "Bàbá Àrìnpé, àìsàn kọ́ o. Ẹ̀rù ló ń ba ọmọ yìí."

Ọkọ rẹ̀ ní, "Bó bá mọ̀wé, ẹ̀rù á lọ."

Ìkórè àwọn ọmọdé ń bọ̀ nígbà náà, wọ́n sì ń wá ọmọ tí yóò ka Bíbélì. Bíríkìlà náà dìde láàárín ìpàdé, ó fa ọmọ tirẹ̀ kalẹ̀. Ó rò ó nínú ara rẹ̀ pé bí Àrìnpé bá mọ̀ pé gbogbo ìjọ ni yóò máa wo òun, ìtìjú yóò mú un múra. Ìyá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí. Ọmọ náà kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Bàbá mi, ẹ jẹ́ kí n kọrin. Orin tó bá wù yín, màá kọ ọ́. Ẹ má jẹ́ kí n kàwé."

Kò gbà.

Àrìnpé wá ọgbọ́n kan dá. Ó lọ bá ọmọ aládùúgbò wọn, ó ní kí ó máa ka ẹsẹ Bíbélì náà sí òun létí. Bí ìyẹn ṣe ń kà á ni òun ń há a sórí, títí gbogbo rẹ̀ fi wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Nígbà tí ọjọ́ pé, wọ́n wọ̀ ọ́ láṣọ funfun, ó dúró níwájú ìjọ, ó ṣí Bíbélì, ó sì bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ń jáde geere. Bàbá rẹ̀ gbé orí sókè, ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì, kí àwọn ènìyàn lè rí i pé òun ló bí i.

Ọmọ ìkókó kan ké lẹ́yìn, igbe ńlá. Ohun tí Àrìnpé há sórí fò lọ. Ó wo ìwé kí ìwé gbà á sílẹ̀, ìwé kò sọ nǹkan kan fún un. Àwọn ọmọ kan bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

Bàbá rẹ̀ pariwo láti orí ìjókòó rẹ̀: "Kà á! Ṣé kò sí níwájú rẹ ni?"

Ìtọ̀ dà sí ọmọ náà lára. Ó ju Bíbélì sílẹ̀, ó gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ sáré jáde.

Wọ́n rò pé ilé ló lọ. Nígbà tí ìsìn parí, wọn kò bá a nílé. Wọn kò bá a ní ilé ìyá ìyá rẹ̀, wọn kò bá a lọ́dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Oòrùn yẹ̀ sẹ́yìn, wọn kò rí i. Àwọn ọkùnrin kan ti ń lọ sí etí odò láìsọ ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù jáde lẹ́nu. Ìyá rẹ̀ rí wọn bí wọ́n ṣe ń lọ, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín ọ̀nà.

Bàbá rẹ̀ ló rí i. Ilé kan wà tí ó ń kọ́ lọ́wọ́ nígbà náà, tí kò tíì ní òrùlé. Àrìnpé wà nínú yàrá ẹ̀yìn, lẹ́bàá òkìtì iyanrìn. Ó ń fi ìka kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sínú iyanrìn, ó ń pa á rẹ́, ó ń tún un kọ. Ọ̀rọ̀ tí ó há mọ́ ọn lẹ́nu ní ṣọ́ọ̀ṣì ni. Kò kọ ọ́ dáadáa síbẹ̀.

Ọkùnrin náà ti múra ariwo bọ̀ láti ọ̀nà. Nígbà tí ó rí èyí, kò lè pariwo mọ́. Ó jókòó sórí iyanrìn pẹ̀lú agbádá tí ó wọ̀ lọ sí ìkórè. Ìbéèrè ló béèrè, irú èyí tí kò béèrè rí.

"Àrìnpé, bí o bá wo ìwé, kí lo máa ń rí?"

Ọmọ náà wò ó lójú bóyá ẹ̀tàn ni. Ó ní, "Bàbá mi, màá pàdé ọ̀rọ̀ kan lókè, màá pè é. Tí mo bá tún pàdé ẹ̀ nísàlẹ̀, bí ẹni tí mi ò rí rí ni. Ẹ óò wá pariwo. Tí ẹ bá ti pariwo, èyí tí mo mọ̀ gan-an á tún lọ."

"Ṣé o máa ń gbìyànjú?"

"Lójoojúmọ́ ni."

Bíríkìlà náà dorí kodò. Ó rántí pé ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àgbà, kò sẹ́ni tí ó pariwo mọ́ òun rí. "Bàbá" ni olùkọ́ ń pe òun, bí òun tilẹ̀ ṣi ọ̀rọ̀ kan pè lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ó bọ́ agbádá, ó fi bo ọmọ rẹ̀ nítorí aṣọ tí ó tutù lára rẹ̀, ó sì gbé e pọ̀n lọ sílé. Ó ti dàgbà ju ẹni tí à ń pọ̀n lọ, ṣùgbọ́n ó pọ̀n ọ́n.

Ní ọjọ́ Ajé, ó mú un lọ bá tísà rẹ̀. Obìnrin náà gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ náà tán.

Ó ní, "Bàbá Àrìnpé, ọmọ yín kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe òmùgọ̀. Àwọn ọmọ kan wà tí ọpọlọ wọn pé pérépéré, àmọ́ tí ìwé kíkà ń ni wọ́n lára báyìí. Bí wọ́n ṣe bí wọn nìyẹn. Mi ò ní oògùn ẹ̀. Ọ̀nà tó máa gbà la lè kọ́ ọ."

Ó yíjú sí ọmọ náà. "Ta ló di irun orí ẹ?"

"Èmi ni mo di iwájú, mà. Ọ̀rẹ́ mi bá mi di ẹ̀yìn."

"Tí irun ẹnìkan bá kún, ṣé gbogbo ẹ̀ lo máa ń gbá mú pọ̀?"

Àrìnpé rẹ́rìn-ín. "Rárá, mà. Màá kọ́kọ́ yà á lọ́nà."

"Ó dáa. Ọ̀rọ̀ tó bá gùn, ya òun náà lọ́nà. Dì í ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan."

Ó gé ihò tẹ́ẹ́rẹ́ sára páálí kan, tí ó jẹ́ pé bí a bá gbé e lé ìwé, ìlà kan péré ni yóò hàn. Ó ní kí ó máa kọ lẹ́tà sínú iyanrìn bí ó ṣe ń pe ohùn rẹ̀. Ó ní, "Tí àyà ẹ bá ń já, gbé ọwọ́ lé e, mí kanlẹ̀, kí o wí pé, 'Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀.' Kò sẹ́ni tó máa bínú sí ọ nítorí ìyẹn ní kíláàsì mi."

Ó wá kọjú sí bàbá. "Tiyín ni pé kí ẹ kọ́kọ́ kà á sí i létí kí òun tó kà á. Tó bá há, kí ẹ dákẹ́."

Ọkùnrin náà ní, "Tísà, dídákẹ́ yẹn ló máa le jù."

Òótọ́ ló sọ. Ó ń gbìyànjú, ọmọ náà sì ń tẹ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀. Inú rírun náà dín kù. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kan òjò wó ògiri tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ, bàbá bínú wálé, Àrìnpé pe b ní d, bàbá rẹ̀ sì jágbe mọ́ ọn bí ti àtijọ́. Ọmọ náà pa ìwé dé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó tún ń bì.

Bàbá rẹ̀ bá a lórí ẹní. Ó ní, "Àrìnpé, mo ṣẹ̀ ọ́ lánàá. Má bínú."

Ìyá tí ń din àkàrà dá ọwọ́ dúró. Wọn kò gbọ́ ọ rí nínú ilé yẹn pé bàbá bẹ ọmọ. Ọmọ náà ní, "Ẹ ṣé, sà." Ó dìde, ó wẹ̀, ó sì lọ sí ilé-ìwé.

Nígbà ọyẹ́, àlejò kan ti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ wá. Ó ń na ìka sí àwọn ọmọ kí wọ́n dìde kàwé, ó sì nà án sí Àrìnpé. Tísà fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ náà ti dìde. Ó gbé páálí rẹ̀ lé ìwé, ó bẹ̀rẹ̀. Ó há. Ẹnìkan rẹ́rìn-ín. Ó gbé ọwọ́ lé àyà, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀." Àlejò náà dúró. Àrìnpé ya ọ̀rọ̀ náà lọ́nà, ó pè é, ó ń bá a lọ. Ó tún há, ó tún yà á. Ó wà lẹ́nu rẹ̀ títí agogo fi lù.

Ìròyìn ti dé ilé ṣáájú rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ní, "Wọ́n ní o kàwé fún àlejò. Ṣé o kà á tán?"

"Mi ò kà á tán. Agogo ló lù." Ó bọ́ bàtà rẹ̀. "Àmọ́ tí kò bá lù ni, ǹ bá kà á tán."

Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ ni mo ń sọ ìtàn yìí fún. Ọmọ rẹ wà lábẹ́ igi níta níbẹ̀ yẹn. O mú un wá pé kí n bá ọ bá a wí. O ní ó ya olódo, ó ń fi àìsàn bojú láràárọ̀, o sì ti nà án títí ó fi sú ọ. N kò ní bá a wí. Agídí tí bíríkìlà yẹn ń wá lára ọmọ rẹ̀, ó ti wà níbẹ̀ kí ó tó bá a lórí iyanrìn. Òun alára ni kò tíì béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Láti àárọ̀ ni o ti ń sọ ohun tí o rò nípa ọmọ rẹ fún mi. Kí ni òun fúnra rẹ̀ sọ fún ọ? O kò mọ̀. Dìde, lọ bá a. Má mú ìwé dání. Jókòó tì í, kí o bi í léèrè ohun tí ojú rẹ̀ ń rí. Bí ó bá pẹ́ kí ó tó dá ọ lóhùn, dúró dè é.