Ẹ̀kuru Àwẹ̀ró àti Àwo Tí Kò Mọ́

Bí ọ̀rọ̀ bá ti gùn ju bó ṣe yẹ lọ, tí ẹnìkan tún ń tú u láti ìsàlẹ̀, àgbà a mí kanlẹ̀, a ní, “Wọ́n ní ká jẹ ẹ̀kuru kó tán, ẹ ń gbọnwọ́ ẹ̀kuru sáwo.” Gbogbo ayé ló ń pa á lówe. Ọmọ tí kò gbọ́njú bá ọlọ nílé náà ń pa á. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n léèrè: èérún tó lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, tí a gbọ̀n padà sínú àwo, kí ló burú níbẹ̀? Ṣé oúnjẹ tí a kò fi ṣòfò kọ́ ni? Kí ló dé tí ẹnu fi ń kun ẹni tó gbọnwọ́? Bí àwọn tó ṣáájú wa ṣe rò ó fún wa nìyí.

Obìnrin kan wà ní Ìdí-Ìyeyè tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Ọkọ rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́ta. Ọmọkùnrin méjì ló bí fún un: Bámgbàlà ni ẹ̀gbọ́n, Fọlárànmí ni àbúrò. Inú agboolé kan náà làwọn méjèèjì ń gbé, ẹ̀gbọ́n lápá ọ̀tún, àbúrò lápá òsì, ìyá wọn láàárín bí ohun tí wọ́n fi dí àlàfo.

Ọ̀rọ̀ òkú ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn. Lọ́jọ́ tí bàbá wọn kú, Bámgbàlà wà lóko lókè odò, ó ń wa iṣu. Kó tó dé, wọ́n ti sin bàbá. Àkọ́bí ló yẹ kó kọ́kọ́ bu erùpẹ̀ lé òkú lórí. Ilẹ̀ tí wọ́n ti gún mọ́lẹ̀ ni àkọ́bí bá. Láti ọjọ́ náà, kò sí ohun tí àbúrò rẹ̀ ṣe tó dáa lójú rẹ̀. Bí adìẹ Fọlárànmí bá ṣìnà wá yé sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, a ní, “Ẹ wá sin ẹyin yín kíá, kí n tó dé.”

Nígbà tó di ọdún kẹta, Bámgbàlà po amọ̀ jọ. Ó ní òun yóò mọ ògiri la àárín agboolé já, kí oníkálukú máa ṣe tirẹ̀. Ibi tó na okùn ìwọ̀n gbà, ẹnu ọ̀nà ìyá rẹ̀ ni. Àwẹ̀ró dúró, ó wo okùn náà títí. Ó rí i pé bí ògiri yẹn bá dìde, òun yóò máa wà nílé ọmọ kan, òun yóò máa pariwo pe ọmọ kejì ni. Bí òun náà bá sì kú, ọ̀kan nínú wọn yóò tún gbọ́ ọ lẹ́yìn ògiri.

Ilé náà ní àṣà kan fún irú ìjà báyìí. Bí ọmọ ìyá méjì bá ń jà, ìyá ilé ni yóò se ẹ̀kuru fún wọn, kò ní fi iyọ̀ sí i, kò ní fi ata sí i, kò ní fi epo sí i. Wọ́n ní ìjà ti ní ata tirẹ̀. Inú àwo kan ni wọn yóò ti jẹ ẹ́. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀kuru bá ṣì wà nínú àwo, kí oníkálukú sọ ohun tó ń dùn ún. Bí àwo bá ti mọ́, ẹnu pa dé, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ hú ọ̀rọ̀ náà mọ́ láéláé. Wọn kò gbọdọ̀ da èérún sílẹ̀ fún adìẹ, wọn kò gbọdọ̀ fi aṣọ nu ọwọ́. Èyí tó bá lẹ̀ mọ́ ìka, lílá ni wọn yóò lá a. Ẹni tó bá sì lá ọwọ́ ti gbà pé kó tán.

Ẹ rí ibi tí wàhálà wà. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ lá ọwọ́. Ẹni tó lá ọwọ́ ti pa ẹnu ara rẹ̀ mọ́, ẹnì kejì ni yóò ní ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Nítorí náà, bí ẹ̀kuru bá ti ń tán lọ, ẹ̀gbọ́n á gbọnwọ́ sínú àwo: ó ṣì kù. Á sọ̀rọ̀. Àbúrò náà á gbọnwọ́: ó ṣì kù. Òun náà á sọ̀rọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Àwẹ̀ró ti se ẹ̀kuru fún wọn bẹ́ẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ilẹ̀ ṣú bá àwo náà láìmọ́. Baálé tó ń wá ṣe ẹlẹ́rìí ní òun kò wá mọ́, ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun.

“Ẹsẹ̀ kọ́,” ni Ìyá Málọmọ́ wí, obìnrin tí ilé rẹ̀ kọjú sí ti Àwẹ̀ró. “Etí ló ń dùn ún.”

Amọ̀ ti rọ̀, wọ́n ní ọ̀la ni wọn yóò bẹ̀rẹ̀ ògiri. Ni Àwẹ̀ró bá tún da ẹ̀wà funfun sómi ní ìdájí. Nígbà tí oòrùn yọ, ó jókòó ti igbá, ó ń fi ọwọ́ ra ẹ̀wà náà kí èèpo rẹ̀ lè bó. Ìyá Málọmọ́ wọlé bá a.

“Àwẹ̀ró, ẹ̀wà yẹn náà kọ́ tún nìyí?”

“Òun ni.”

“Ká ní o gbin gbogbo ẹ̀wà tó o ti lọ̀ nítorí àwọn ọmọ yìí ni, a ò bá ti kórè rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.”

“Jọ̀ọ́, jókòó kó o bá mi bó o. Ẹnu kì í bó ẹ̀wà.”

Ìyá Málọmọ́ jókòó. Wọ́n bó o, wọ́n da omi sí i, èèpo léfòó, wọ́n dà á nù, wọ́n tún da omi sí i. Ẹ̀kuru kì í gba ìrẹ́jẹ. Bí èèpo bá kù nínú ẹ̀wà rẹ̀, kò ní funfun. Bí kò bá kúnná, yóò ki bí òkò. Bí a kò bá sì lù ú dáadáa kó wú, sísùn ni yóò sùn sínú ewé. Apá èèyàn ni oúnjẹ náà kọ́kọ́ ń jẹ kí ẹnu tó jẹ òun.

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀ síwájú ọlọ. Orúnkún rẹ̀ ké, ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Bí ọmọ ọlọ ṣe ń lọ tó ń bọ̀ ni ọ̀rọ̀ kan ń lọ tó ń bọ̀ láyà rẹ̀. Kì í ṣe Fọlárànmí ló ní kí wọ́n sin bàbá. Òun Àwẹ̀ró ni. Ọmọ náà bẹ̀ ẹ́ pé, “Ìyá, ẹ jẹ́ ká dúró de ẹ̀gbọ́n mi di ọ̀la.” Ọ̀gbẹlẹ̀ ni, oòrùn ń ta. Àwẹ̀ró rí eṣinṣin lójú ọkọ rẹ̀. Ó lé e, ó padà wá. Ó lé e, ó mú òmíràn wá. Ara rẹ̀ kò gbà á mọ́. Ó ní, “Ẹ gbé e wọlẹ̀.” Nígbà tí Bámgbàlà wá dé, tó ń bú ramúramù káàkiri agboolé pé ta ló dán irú rẹ̀ wò, Fọlárànmí wo ojú ìyá rẹ̀, ó ní, “Èmi ni.” Ìyá rẹ̀ sì dákẹ́. Ó rò pé ìbínú náà yóò rọlẹ̀ lọ́jọ́ kẹta.

Ọdún mẹ́ta ti kọjá lórí ọjọ́ kẹta yẹn. Bí òun bá sọ ọ́ báyìí, Bámgbàlà á kó gbogbo ìbínú náà dé ọ̀dọ̀ òun, òun kò sì ní agbára tí òun yóò fi rù ú. Nítorí náà, ó lọ ẹ̀wà.

Ó lọ̀ ọ́ tán, ó dà á sínú odó kékeré, ó ń fi ọwọ́ lù ú, ó ń lù ú títí ó fi wú, tó fúyẹ́ bí ìfófòó. Ìyá Málọmọ́ ká ewé eéran, ó ń bá a pọ́n ọn, wọ́n tò ó sínú ìkòkò lórí igi ewé tí wọ́n fi tẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó jinná, wọ́n tú u, wọ́n rún un sínú àwo amọ̀. Àwo dúdú ni, ẹ̀kuru funfun. Èérún kan kò lè fara pamọ́ síbẹ̀.

Àwọn ọmọ méjèèjì wọlé, wọ́n jókòó, àwo wà láàárín wọn.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàárọ̀.”

“Hẹn.” Bámgbàlà bu ti ẹnu rẹ̀. “Ẹ̀kuru yìí dáa, Ìyá. Ó ní láti dáa ju èyí tí wọ́n jẹ níbi ìsìnkú tí n kò bá.”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò tíì gbé e mì.”

“Mo lè máa jẹun kí n máa sọ̀rọ̀. Èmi kọ́ ni mo ń kánjú nílé yìí.”

“Mo ránṣẹ́ sí yín lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ní iṣu yín kò tíì wọlé tán.”

“Ìránṣẹ́ rẹ ní ara Bàbá kò yá! Ṣé ó ní ó kú ni?”

“Nígbà tó kúrò níbí, Bàbá kò tíì kú.”

“O ò wá lè fi ọjọ́ kan ṣoṣo dúró dè mí?”

“Oòrùn ni kò dúró. Òkú ò gbọ́ èdè ‘Ẹ ní sùúrù, Bámgbàlà ń bọ̀.’”

“O ò rí i pé o ń bú mi!”

Àwẹ̀ró jókòó ti ògiri, ó ń wo ọwọ́ wọn. Ẹ̀kuru lọ sílẹ̀. Ẹ̀kuru tí kò rí epo a máa lẹ̀ mọ́ èèyàn lọ́wọ́ ni, ìka wọn funfun bí ti ẹni tó ń po ẹfun. Nígbà tó ku díẹ̀ kí ìsàlẹ̀ àwo hàn, Bámgbàlà gbọnwọ́. Púrú.

“Ó ṣì kù,” ló wí. “Fìlà Bàbá tó wà lára ògiri, ta ló gbé e?”

Wọ́n sọ ti fìlà. Wọ́n ṣa èérún náà jẹ. Fọlárànmí gbọnwọ́.

“Ó ṣì kù. Ṣé ìyàwó yín kí ìyàwó mi lójú odò lẹ́yìn tí mo sin òkú tán? Kò kí i.”

Wọ́n sọ ti ìyàwó. Ẹ̀gbọ́n gbọnwọ́, wọ́n sọ ti koríko òrùlé. Àbúrò gbọnwọ́, wọ́n sọ ti ewúrẹ́ tó ti kú, tí wọ́n ti jẹ.

Ìyá Málọmọ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà pòṣé. “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé àwo yìí ń bímọ ni?”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Oòrùn ti kọjá àtàrí. Bámgbàlà gbọnwọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, èérún bí mẹ́fà méje bọ́ sínú àwo, ó la ẹnu. Ni Àwẹ̀ró bá sọ̀rọ̀. Kò pariwo. Ohùn rẹ̀ kéré bí ti ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

“Wọ́n ní ká jẹ ẹ̀kuru kó tán, ẹ ń gbọnwọ́ ẹ̀kuru sáwo.”

Àwọn méjèèjì wò ó.

“Ó rẹ̀ mí,” ló wí. “Ẹ̀yin nìkan sì kọ́ lẹ ń gbọn ọ́n. Èmi tí mò ń sè é ni mo kọ́kọ́ gbọ̀n ọ́n.”

Fọlárànmí ti mọ ibi tó ń lọ. “Ìyá, ẹ má sọ ọ́.”

“Èérún ṣì wà nínú àwo. Àṣà ní kí n sọ ọ́. Bámgbàlà, èmi ni mo ní kí wọ́n gbé bàbá rẹ wọlẹ̀. Àbúrò rẹ bẹ̀ mí pé ká dúró dè ọ́, mo kọ̀. Eṣinṣin wà lójú ọkọ mi, n kò lè wò ó mọ́. Ó gbà á rù fún mi, mo sì jẹ́ kó rù ú.”

 Ìyá Málọmọ́ ká ẹsẹ̀ rẹ̀ kò, kò mira.

“Ọdún mẹ́ta, Ìyá,” ni Bámgbàlà wí.

“Ọdún mẹ́ta.”

“Mo ń bú u lójú àwọn ọmọ rẹ̀.”

“Mò ń gbọ́. Ògiri mi kò nípọn.”

“Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?”

“Ẹ̀kuru ni mò ń sè.” Àwẹ̀ró nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́. “Bí ọ̀rọ̀ bá ṣì kù lẹ́nu rẹ, gbọnwọ́ rẹ kó o sọ ọ́. Ṣùgbọ́n èmi ni kó o kọjú sí. Fi ọmọ yẹn sílẹ̀.”

Bámgbàlà na ọwọ́ rẹ̀ sórí àwo. Ìka márààrún ló funfun. Fọlárànmí ń wo ọwọ́ náà, Ìyá Málọmọ́ ń wò ó. Àwẹ̀ró nìkan ni kò wò ó. Ó ti di ojú, ó ń dúró de ohun tó bá fẹ́ bọ́ lé e lórí. Ọwọ́ náà wà lókè àwo pẹ́. Kò gbọ̀n ọ́n. Lẹ́yìn náà ó gbé àtàǹpàkò sẹ́nu, ó lá a. Ó lá ìka ìlábẹ̀. Ó lá gbogbo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọmọdé.

“Kò níyọ̀,” ló wí.

Fọlárànmí náà gbé ọwọ́ rẹ̀ sẹ́nu. Àwọn èérún tó kù nínú àwo, Àwẹ̀ró fi ìka tútù tẹ̀ wọ́n, ó gbé wọn mì. Ó dojú àwo náà kọ Ìyá Málọmọ́ pé kó wò ó. Àwo mọ́. Kò sẹ́ni tó hó yèè. Àwẹ̀ró fi orí ti ògiri, oorun gbé e lọ níbi tó jókòó sí, àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì sì jókòó tì í, wọn kò sọ̀rọ̀, kó má baà jí.

A ò ní purọ́ pé wọ́n di ọ̀rẹ́ kòríkòsùn. Wọ́n ń kíra wọn láàárọ̀, wọ́n ń dáhùn, ó tó. Wọn kò mọ ògiri. Lọ́jọ́ tí Àwẹ̀ró kú, ọwọ́ méjì ló jọ bu erùpẹ̀ àkọ́kọ́.

Ìyá Málọmọ́ ló gbé ọ̀rọ̀ yẹn jáde. Níbi tí àwọn obìnrin ti ń tú ẹjọ́ àná ká lójú odò, a ní, “Ẹ gbọ́ ohun tí Àwẹ̀ró wí.” Láti ojú odò ló ti dé ọjà, láti ọjà ló ti dé gbogbo ilé. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń pa á lónìí kò mọ̀ pé ìyá tó ti rẹ̀ ló sọ ọ́. Ẹni tó gbọ̀n èérún sáwo, oúnjẹ kọ́ ló ń ṣọ́. Ààyè ọ̀rọ̀ kan sí i ló ń wá. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ tán, á lá ọwọ́ ara rẹ̀, bí kò tilẹ̀ níyọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àgbà ṣe ń mí kanlẹ̀ kó tó sọ pé: wọ́n ní ká jẹ ẹ̀kuru kó tán, ẹ ń gbọnwọ́ ẹ̀kuru sáwo.