Ọkọ̀ Tó Ń Pa Olúọdẹ

"Ẹ̀yìn ló ti ń dún, iwájú ni kí ẹ ṣí." Bí ẹ bá dé Odòṣà tí ẹ gbọ́ òwe yìí lẹ́nu wọn, ẹ má rò pé ẹmu ló ń pa wọ́n. Kí ni ohun tó ń dún lẹ́yìn fi kan iwájú? Bí ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé bá ń dún, ṣé ti ojúde ni èèyàn máa lọ ṣí? Ẹ fara balẹ̀. Ọkọ̀ kan ló dá a sílẹ̀, ọkọ̀ tó pa Olúọdẹ, tó tún un pa, tí baba náà kò sì kú.

Ìlú ọdẹ ni Odòṣà. Ẹnikẹ́ni kì í yìnbọn nítòsí ìlú níbẹ̀, àfi bí Olúọdẹ bá papòdà. Bí ìbọn bá ti dún lẹ́nu odi, gbogbo ayé mọ̀ pé erin ti wó nìyẹn. Ẹni tó ń lọ ata yóò ju ọmọ ọlọ sílẹ̀, ọkùnrin yóò ṣí fìlà, ẹkún yóò sì bẹ̀rẹ̀.

Fátókí, awakọ̀ kan láti ìlú kejì, ló ń fi ọkọ̀ akẹ́rù onípákó kan, tí wọ́n kọ "Sùúrù Lérè" sí níwájú, kó iṣu wọn lọ sọ́jà. Ọkọ̀ náà ti dàgbà, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ bí ọmọlúàbí. Ìgbà tí Fátókí rí Mojoyin, ọmọ Olúọdẹ Ògúnṣakin, ni ọ̀rọ̀ yí padà. Mojoyin ti gbà fún un, ó wá ku kí ó lọ fojú han bàbá rẹ̀. Ẹni tó ń lọ sílé àna kì í lọ bí ẹni ń lọ sóko. Fátókí wẹ̀, ó fárí, ó ní ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ wẹ̀ pẹ̀lú. Ó fi kànìnkànìn bó ẹ́ńjìnnì pàápàá. Ó yọ gbogbo wáyà tó wà lórí rẹ̀, ó nù wọ́n títí wọ́n fi ń dán, ó sì kì wọ́n padà.

Bó ṣe ń gun òkè ẹnu odi, ọkọ̀ kò lọ mọ́. Ó tẹ iná mọ́ ọn, ọkọ̀ ń gbọ̀n, ó ń wọ́ bí ìgbín. Ìyá arúgbó kan tó ru igi ìdáná kọjá lára rẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi, o kú ìsinmi o." Inú bí Fátókí, ó tẹ iná mọ́lẹ̀ pátápátá. Nígbà náà ni ìdí ọkọ̀ dún: gbàùù!

Háà! Ìlú dàrú. Ìyá Mojoyin ká ọwọ́ lérí, ó sáré wọlé, ó ń ké pé, "Erin mi, ta ni ẹ fi mí sílẹ̀ fún?" Ó bá ọkọ rẹ̀ tó jókòó, tó ń fi epo jẹ iṣu sísun.

"Ta ló kú?" ni baba bi í.

"Ẹ̀yin ni."

"Èmi? Nígbà wo?"

"Nísinsìnyí ni. A gbọ́ ìbọn."

Baba wo iṣu ọwọ́ rẹ̀. "Ó dáa. Jẹ́ kí n jẹ èyí tán ná."

Ṣówándé, Ọ̀tún Ọdẹ, tí oyè kàn, ti dé ojúde ní tirẹ̀, ó ti dé fìlà tuntun, ó ń wo ibi tí àga rẹ̀ yóò wà. Nígbà tó rí baba, ó ní, "A dúpẹ́ o." Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò dúpẹ́ rárá.

Nígbà tí wọ́n mọ̀ pé ọkọ̀ ló dún, Olúọdẹ dárí ji Fátókí lọ́jọ́ náà. Àmọ́ bí ọjọ́ ọjà bá ti pé, ọkọ̀ á gun òkè, baba á tún kú. Ohùn Ìyá Mojoyin há. Àwọn ọmọdé wá ń sá lọ wo bàbá lójú fèrèsé, wọ́n á ní, "Ó ṣì ń mí o!"

Fátókí gbé ọkọ̀ tọ Rájí mẹkáníìkì lọ. Rájí ní, "Ẹ̀yìn ló ti ń dún, ẹ̀yìn náà ló bàjẹ́. Sàlẹ́ńsà ni." Wọ́n pààrọ̀ sàlẹ́ńsà, baba tún kú. Fátókí bá gé ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó fi dí ihò èéfín ọkọ̀ pinpin. Nígbà tí ọkọ̀ dé orí òkè, ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ fò jáde bí ọta, ó sì gbá fìlà tuntun kúrò lórí Ṣówándé, níbi tó ti ń sáré bọ̀ wá jẹ oyè.

Baba pe Fátókí. "Ọmọ yìí, mo fẹ́ràn rẹ. Ṣùgbọ́n ta ló ń fi ọmọ fún ẹni tó ń pa bàbá ọmọ lọ́jọọjọ́ ọjà? Ọkọ̀ yìí ni wàá fi kó ẹrù ìdána wá. Bí mo bá tún kú lọ́jọ́ náà, ṣe ni kí o yí orí ọkọ̀ padà, kí o máa kó ẹrù rẹ lọ. Mojoyin kò ní bá ọ lọ."

Mojoyin kò jẹun lọ́jọ́ náà. Fátókí, géńdé ọkùnrin, fi iwájú orí lé ọwọ́ ìdarí ọkọ̀, ó sunkún bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú.

Ó ku ọ̀la kí wọ́n ṣe ìdána, Rájí dùbúlẹ̀ sábẹ́ ìdí ọkọ̀ lójúde Olúọdẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan là ń rí. Baba jáde wá wo ohun tó ń pa á.

"Rájí, kí lò ń wá níbẹ̀?"

"Ibi tó ti ń dún ni, Bàbá."

Baba rẹ́rìn-ín. "Ẹnu ìbọn mi ló máa ń dún. Ṣùgbọ́n bó bá ń ṣe ségesège, ìdí rẹ̀ ni mò ń tú, níbi tí iná ti ń wọ̀ ọ́. Níbo ni iná ti ń wọ ọkọ̀?"

"Iwájú ni, Bàbá."

"Kí lo wá ń ṣe lẹ́yìn? Ẹ̀yìn ló ti ń dún, iwájú ni kí ẹ ṣí!" Ó kọjú sí Fátókí, tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. "Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?"

"Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ń bọ̀ wá kí yín ni."

"Kí lo ṣe fún un lọ́jọ́ náà?"

"N kò ṣe nǹkan kan, Bàbá. Mo kàn wẹ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ni."

Rájí fò dìde, ó forí gbá ìdí ọkọ̀. "O ṣe kí ni?"

"Ó yẹ kó mọ́. Ilé àna là ń lọ."

Rájí ṣí iwájú ọkọ̀, ó ní kí Fátókí tanná sí i. Ó ń yọ wáyà àwọn púlọ́ọ̀gì tó ń tanná sí epo níkọ̀ọ̀kan. Bó bá yọ ọ̀kan, ẹ́ńjìnnì á rẹ̀ sílẹ̀, Rájí á dá wáyà náà padà, á ní, "Èyí ń ṣiṣẹ́." Ṣùgbọ́n ó dé orí méjì tí ẹ́ńjìnnì kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹnikẹ́ni yọ nǹkan. Ó tọ wáyà méjèèjì dé ibi tí iná ti ń wá, ó sì pàtẹ́wọ́.

"Fátókí, iná èyí lo fún ìyẹn, iná ìyẹn lo fún èyí! Epo tí kò rí iná jó níwájú, ẹ̀yìn ló sá lọ, ibẹ̀ ló lọ jó."

Ó pààrọ̀ wáyà méjèèjì. Ohùn ẹ́ńjìnnì bá rọ̀ wọ̀ọ̀. Baba rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Torí kí o lè gbayì lójú mi lo ṣe ń pa mí!"

Lọ́jọ́ ìdána, "Sùúrù Lérè" gun òkè wẹ́rẹ́, kò sẹ́ni tó gbọ́. Ọṣẹ ṣì wà lórí baba nínú balùwẹ̀ nígbà tí àwọn àna kàgò lẹ́nu ọ̀nà.

"Ta ló dé?" ni baba kígbe. "Kí ló dé tí ẹ kò yìnbọn, ká lè mọ̀ pé ẹ ń bọ̀?"

Ṣówándé mi orí, ó ṣí fìlà tuntun rẹ̀. "Ìsinsìnyí ni wọ́n wá ba ọkọ̀ yẹn jẹ́," ni ó wí.

Mojoyin ló wá sọ ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ dòwe. Bí Fátókí bá ti ojú ọ̀nà dé, tó ń pariwo pé iyọ̀ ọbẹ̀ pọ̀, pé ta ló gbé àga síbí, kì í bá a jà. Ó máa ń rọra ṣí fìlà lórí rẹ̀, bí ẹni ń ṣí iwájú ọkọ̀.

"Ẹ̀yìn ló ti ń dún, iwájú ni kí ẹ ṣí," á wí. "Ó dáa, baálé mi, kí ló ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà?"

Fátókí á jókòó, á sì sọ ọ́.